Aṣọ Ààrò Ìyá Mi

Ọwọ́ òsì mi ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ààrò náà kò dára. Mo gbé e lé ẹ̀yìn ògiri, níbi tó yẹ kó tutù bí ara ìkòkò omi, ó sì jó mi débi pé mo fò sẹ́yìn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ adìẹ aládùúgbò pa. Nínú ààrò gan-an, níbi tó yẹ kó gbóná, ọwọ́ búrẹ́dì kejì wà níbẹ̀ tó funfun, àárín rẹ̀ ń fà bí àtè. Igi ẹrù méjì ni mo ti fi dá iná láti àárọ̀, gbogbo ooru rẹ̀ sì ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde lọ bá aláǹgbá.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Ààrò búrẹ́dì onígi kò dà bí àdìrò tí a fi ń se ọbẹ̀. Inú rẹ̀ la ti ń dá iná. Bíríkì inú rẹ̀ á mu ooru yó, a ó wọ́ ẹyinná jáde, a ó gbá eérú, a ó to agolo búrẹ́dì sí i, a ó sì ti ilẹ̀kùn. Ooru tí bíríkì ti mu ló ń sun búrẹ́dì. Búrẹ́dì tó bá wọlé lẹ́ẹ̀kan tó sì jáde, ọwọ́ kan nìyẹn. Ààrò tí kò láṣọ lára á sun ọwọ́ kan, á sì tutù. Èyí tí wọ́n bá fi nǹkan bò dáadáa á sun méjì lórí iná kan ṣoṣo. Ti ìyá mi ń sun mẹ́ta. Kò sí ẹni tó ra búrẹ́dì ní Atikori, àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí kò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí: "Iná kan, ọwọ́ mẹ́ta."

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí òjò ń fi ìbínú rọ̀, afẹ́fẹ́ ká páànù orí àtíbàbà ìyá mi lọ. Ààrò amọ̀ tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi. Ìyá mi gbé tapólì jáde láti fi bò ó, ẹsẹ̀ yọ̀ wọ́n, wọ́n fi eékún gúnlẹ̀. Kí òjò tó dá, ààrò ti di òkìtì. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó jẹ́ tíṣà ní Ògùn Waterside, gbé mọ́tò wá, ó sì gbé wọn lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ létí omi pé kí wọ́n lọ gba ìtọ́jú. Mo rò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. Eékún jinná, òjò dáwọ́ dúró, ọyẹ́ dé, ìyá mi ò dé.

"Kí ni wọ́n fẹ́ wá ṣe ní Atikori?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi mí lórí fóònù. "Ààrò ti wó. Bí ẹ bá sì mọ òmíràn, ṣé eékún yẹn ni wọ́n á fi máa ru igi láti àárọ̀ dé alẹ́?"

Ó ní bí mo bá lè mọ ààrò tó ń sun ọwọ́ mẹ́ta lórí iná kan bíi ti àtijọ́, tí kò ní máa jẹ igi, òun á gbé wọn padà wá kí ààwẹ̀ tó dé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀dọ̀ òun ni wọ́n á máa wà. Mo ní ó ti ṣe. A ò bi ìyá mi ní nǹkan kan. Àwa méjèèjì ti kàwé, a ti mọ ohun tó dára fún wọn.

Ní tèmi, ara mi kì í gba ìjókòó. Oníwàdùwàdù ni ìyá mi ń pè mí láti kékeré. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi, agbẹ̀bí ò tíì fọ ọwọ́ tán tí mo ti dé. Mo kàwé ní Àgọ́-Ìwòyè, mo sì ṣí ṣọ́ọ̀bù kan síbẹ̀ tí mo ti ń tẹ iṣẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Iṣẹ́ ìjókòó ni, ó sì fẹ́ pa mí. Nígbà tí ààrò wó, mo kó ẹrù mi wálé bí ẹran tí wọ́n tú okùn lọ́rùn rẹ̀. Mo sọ fún gbogbo èèyàn pé nítorí ìyá mi ni. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe gbogbo òótọ́. Nígbà tí mo dé, mo rí i pé ilé tí ìyá mi ò sí nínú rẹ̀ dákẹ́ jù. Mo ń rìn láti yàrá dé ẹ̀yìnkùlé, láti ẹ̀yìnkùlé dé ojúde, mo ń ṣí ìkòkò tí mo mọ̀ pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀ wò. Àárò wọn ń sọ mí, n kò sì mọ bí mo ṣe lè jókòó tì í.

Bíríkìlà tó bá mi mọ ààrò tuntun wá láti Òkè-Àgbò. Kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, èmi sì jẹ́ Mùsùlùmí. Kó tó to bíríkì àkọ́kọ́, ó bọ́ bàtà, ó gbàdúrà títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu rẹ̀, èmi náà ń ṣe àmín. Ó mọ inú ààrò roboto bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́. Ṣùgbọ́n ilé ló mọ̀ ọ́n mọ, kò mọ ààrò rí. Lọ́jọ́ tí mo fi ọwọ́ mi tó jó hàn án, ó wo ọwọ́, ó wo ògiri.

"Ìhòòhò ló wà," ló wí. "Ó ń fẹ́ aṣọ. Ìyá yín ńkọ́, kí ni wọ́n fi bo tiwọn?"

N kò mọ̀. Ọdún tó lé ní ọgbọ̀n ni mo fi jẹ búrẹ́dì inú ààrò yẹn, n kò bi wọ́n léèrè rí. Mo lè pè wọ́n lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi já wọn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí n fà wọ́n lọ́wọ́ lọ sẹ́yìnkùlé, kí n ní, "Ẹ wò ó." Mo ti rí ojú wọn lọ́kàn mi, bí ẹnu wọn á ṣe là. Inú fóònù ni mo ti lọ wá ìmọ̀ràn.

Òyìnbó kan nínú fídíò fi wúlú funfun kan wé ààrò tirẹ̀ bí ẹni ń wé ọmọ tuntun. Mo wá wúlú náà dé Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni tí mo bi rò pé òwú tí wọ́n fi ń hun fìlà ọmọ ni mò ń sọ. Fídíò mìíràn ní ohunkóhun tó bá fúyẹ́, tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, lè ṣe é. Mo rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó tí yóò máa wá ohun tó fúyẹ́ kiri? Ìyẹ̀fun pákó tó ń dà sílẹ̀ lẹ́nu ayùn ní sọ́míìlì pọ̀ ju iyanrìn lọ, wọ́n ń bẹ èèyàn kó wá kó o. Òun la ń tẹ́ sílẹ̀ ilé adìẹ. Òun la ń dà sójú ẹrẹ̀ nígbà òjò kí ọmọ má bàa yọ̀ ṣubú. Bí ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó bá ní ìṣòro, ìyẹ̀fun pákó ló kọ́kọ́ máa ń wá sí i lọ́kàn.

Bíríkìlà bi mí bóyá kò ní jó. Mo ní níbo ni afẹ́fẹ́ á gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Mo ní kó mọ ògiri kejì yí ààrò po, kó fi àyè tó tó ìbú ọwọ́ sílẹ̀ láàárín, ká ki ìyẹ̀fun pákó sí i, ká sì dí i pa. Ó mi orí. Mo fi fídíò hàn án. Ó tún mi orí, àmọ́ ó mọ ọ́n.

Lọ́jọ́ kìíní tí mo dá iná sí i, ògiri ìta tutù débi pé mo gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e. Ọwọ́ kejì pọ́n dáadáa. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, ó sì fèsì pé, "Ó ku ọ̀kan." Lọ́jọ́ kejì, búrẹ́dì ń rùn bí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Lọ́jọ́ kẹta, mi ò dá iná kankan, ògiri sì ń rú èéfín. Èéfín náà tín-ín-rín bí okùn ìránṣọ, láàárín bíríkì méjì. Mo fi amọ̀ dí i, ó yọ níbòmíràn. Mo dí ìyẹn, ó yọ ní méjì. Mo ń sáré yí ààrò po pẹ̀lú amọ̀ lọ́wọ́ bí ẹni ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí iṣu.

Ohun tó bí mi nínú jù ni pé mo mọ̀ ọ́n. Kò sí ọmọ tí wọ́n tọ́ dàgbà níhìn-ín tí kò mọ̀ ọ́n. Òkìtì ìyẹ̀fun pákó ẹ̀yìn sọ́míìlì ń jó láti ọyẹ́ dé ọyẹ́. Ojú ò rí iná lórí rẹ̀, òjò ń rọ̀ lé e, ó ṣì ń rú èéfín lọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí igi bá wọ́n, ìyá mi á ki ìyẹ̀fun pákó mọ́ inú agolo ńlá kan, wọ́n á gbé ìgò sí àárín rẹ̀ kó lè dá ihò sí i, wọ́n á yọ ìgò, wọ́n á sì tanná sí i. Agolo kan yẹn á se ẹ̀wà jinná. Èmi ni mo máa ń di ìgò mú fún wọn. Èmi yìí kan náà ni mo wá fi odindi ògiri rẹ̀ yí búrẹ́dì ká.

Ọjọ́ márùn-ún ló fi jó. A bu omi sí i, ògiri ìta sán láti òkè délẹ̀. Níkẹyìn, bíríkìlà fọ́ gbogbo rẹ̀, a kó èédú jáde ní bọ́kẹ́ẹ̀tì bọ́kẹ́ẹ̀tì. Kò sọ pé òun ti sọ ọ́. Ó kàn bọ́ bàtà, ó tún gbàdúrà, èyí sì kúrú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ààwẹ̀ dé. Mo wọ mọ́tò lọ sí Ògùn Waterside. Mo bá ìyá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n kọjú sí omi, wọ́n ń ṣa ẹ̀gúsí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fa mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní wọ́n ti ṣa ẹ̀gúsí yẹn tán láti àná. Bí wọ́n bá ṣà á tán, wọ́n á dà á pọ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gbá àgbàlá lójúmọ́. Ibẹ̀ dára o. Ẹja tútù wà, atẹ́gùn ń fẹ́, kò sí èéfín, ẹ̀gbọ́n mi ò sì jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìyá mi ti sanra díẹ̀. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n sì fi èdè Ìjẹ̀bú wọn bi mí.

"Ṣé wo ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Ìyá."

"Kí ló jó wo lọ́wọ́?"

Mo ní iná ni. Mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó. Mo wá bi wọ́n bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn: "Ìyá, kí lẹ fi bo ara ààrò yín nígbà yẹn?"

"Amọ̀ àti eérú. Iyọ̀ àti àfọ́kù ìgò wà lábẹ́ rẹ̀, kí ilẹ̀ má bàa fa ooru rẹ̀ mu."

Ti abẹ́, bíríkìlà ti ṣe é. Gbogbo bíríkìlà ló ti gbọ́ ìyẹn. "Eérú náà ńkọ́, báwo ló ṣe ń pọ̀ tó? Báwo lẹ ṣe ń pò ó?"

Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n wò ó, wọ́n yí i padà. "Ọwọ́ mi ló mọ̀ ọ́n," ni wọ́n wí. "Ẹnu mi ò mọ̀ ọ́n."

Mo rò pé wọ́n ń fi ọgbọ́n lé mi ni. Inú bí mi. Mo ní àwọn àgbà oníṣẹ́ ọwọ́ ló ń jẹ́ kí iṣẹ́ parun, ohun tí ẹnu bá lè jẹ, ẹnu lè sọ ọ́. Mo sọ ọ́ sí wọn lójú. Wọn ò bínú. Wọ́n sìn mí dé ibi mọ́tò, ẹsẹ̀ wọn le koko. Wọ́n di ìka mi méjì mú.

"Ulé ńkọ́? Ṣé wọ́n ti kan páànù padà?"

"Wọ́n ti kàn án."

"Ata ẹ̀gbẹ́ kànga ńkọ́?"

Mo ní ó wà. Wọn ò fi ìka mi sílẹ̀ títí dírẹ́bà fi fọn fèrè. Èmi ń bínú lọ títí mo fi dé Ìjẹ̀bú-Òde, mi ò tiẹ̀ ronú sí ìbéèrè tí wọ́n bi mí.

Mo ti gbọ́ "amọ̀ àti eérú," ó ti tó mi. Mo wú òkìtì ààrò àtijọ́, mo rí ègé ògiri kan tí òjò ò tíì yọ́. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́ bí búrẹ́dì tó ti gbẹ. Mo kó eérú láti ẹbu gàrí tó wà lẹ́yìnkùlé wa, níbi tí àwọn obìnrin ti ń yan gàrí lójoojúmọ́. Bíríkìlà bá mi wa amọ̀ láti ọ̀nà Mámu. Mo bu omi kànga sí i, mo pò ó, mo sì rẹ́ ẹ mọ́ ààrò lára lẹ́ẹ̀kan náà, ó nípọn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ mi. Bíríkìlà ní kí n fún un ní ọjọ́ mẹ́wàá kó gbẹ. Ọjọ́ méjìlá ló kù kí ààwẹ̀ dé. Mo ní ọyẹ́ tó ń fa ètè ya yìí, ṣé kò lè gbẹ amọ̀? Lọ́jọ́ kẹrin, mo dá iná sí i, iná ńlá.

Mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí èèyàn fọ́ àgbọn mọ́lẹ̀. Aṣọ tuntun náà wú níkùn, ó là, ó bẹ̀rẹ̀ sí í já lulẹ̀, ooru omi tó há sínú rẹ̀ ń tú jáde ní funfun. Mo fọwọ́ kan èyí tí kò já, ó di ìyẹ̀fun. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eérú, mo sunkún. Mo ti rí i pé ìyá mi ò ní bá wa gba ààwẹ̀, èmi ni mo sì fọwọ́ ara mi fà á. Bíríkìlà ń wo òkè bí ẹni ń wá òjò.

Nígbà tó yá, ó ní, "Kí ni Ìyá sọ nígbà tẹ́ ẹ bi wọ́n?"

"Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ló mọ̀ ọ́n, ẹnu àwọn ò mọ̀ ọ́n."

"Ọwọ́ náà ńkọ́, níbo ló wà?"

"Ó wà ní Ògùn Waterside."

Ó wò mí díẹ̀, ó mú ṣọ́bìrì rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwókù. Mo jókòó síbẹ̀ títí ọ̀rọ̀ náà fi wọlé. Lẹ́yìn náà ni mo fi ìka eléérú tẹ fóònù.

"Ìyá, ẹ wá. Mi ò mọ̀ ọ́n."

Wọ́n bi mí pé, "Ṣé ó ti sun mẹ́ta?"

"Kò sun ọ̀kan. Mo ti bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì."

"Ṣé wo fẹ́ kí n wá?"

"Mo fẹ́ kí ẹ wá."

"Báàgì mi ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn látìgbà tí eékún ti jinná," ni wọ́n wí. "Mò ń retí kí ẹnì kan pè mí. Ẹ kàn ń sọ fún mi pé kí n sinmi."

Ojú tì mí. Oṣù méje ni mo fi ń sáré kiri nítorí pé mo fẹ́ ya ìyá mi lẹ́nu, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ni pé mi ò lè dá a ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi gba fóònù lọ́wọ́ wọn.

"Ṣebí a ní ìgbà tí ààrò bá ti ṣe tán ni."

"Kò tíì ṣe tán, ẹ̀gbọ́n mi. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ń pè wọ́n."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní òun á gbé wọn wá lọ́la, ti ààwẹ̀ nìkan. Bí ààrò bá sun ọwọ́ mẹ́ta lórí iná kan, wọ́n lè dúró. Bí kò bá sun ún, lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀ òun ń bọ̀ wá gbé wọn padà. "Mẹ́ta o," ló wí. "Bí àwọn fúnra wọn ṣe máa ń sọ ọ́."

Ìyá mi dé. Wọ́n gbé báàgì wọn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn ò tú u, wọn ò jókòó. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n gbà lọ. Wọ́n ti apá bọ inú ààrò dé èjìká, wọ́n fọwọ́ lu bíríkì, wọ́n kí bíríkìlà kú iṣẹ́, wọ́n ní inú rẹ̀ dára. Ọkùnrin náà yọ̀ bí ọmọ tó gba ipò kìíní. Wọ́n wá ṣa ègé kan lára aṣọ tí mo bà jẹ́, wọ́n fún un lọ́wọ́, ó di lẹ́búlẹ́bú.

"Omi kànga lo fi pò ó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Hẹn." Wọ́n gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n rìn lọ sí ẹbu gàrí, wọ́n sì gbé omi ẹ̀gẹ́ dé, èyí tó ń ro jáde lára àpò nígbà tí wọ́n bá ń fún ẹ̀gẹ́ rírin. Ó funfun, ó ń fà lọ́wọ́ díẹ̀ bí omi tí wọ́n fi ń pa aṣọ ní táàṣì.

"Ìyá, ẹ ò sọ èyí fún mi!"

"Mi ò mọ̀ pé nǹkan tí èèyàn ń sọ ni. Ẹbu la wà, òun ló wà nítòsí, òun la fi ń pò ó."

Wọ́n sẹ́ eérú, wọ́n pò ó mọ́ amọ̀. Wọ́n mú ìṣù kan, wọ́n fún un nítòsí etí láti gbọ́ ìró rẹ̀, wọ́n fi eérú kún un, wọ́n tún fún un. Mo gbé etí tèmi sún mọ́ ọn. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n ní màá gbọ́ ọ tó bá yá. Wọ́n rẹ́ ìpele kan, kò nípọn ju ìka lọ, wọ́n fi àpò ìdọ̀họ tútù bò ó kí ọyẹ́ má bàa sán an. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi ṣùkù àgbàdo díẹ̀ dá iná sínú ààrò, iná tí kò lè yan ẹ̀pà. Wọ́n ní ó di ọ̀la.

"Ọ̀la ni ìpele kejì?"

"Ọ̀la ni."

Márùn-ún ni gbogbo rẹ̀, ọjọ́ márùn-ún, lẹ́yìn náà ọjọ́ méjì fún iná kékeré. Mò ń lọ, mò ń bọ̀, mò ń ká àpò ìdọ̀họ sókè wò. Níkẹyìn ìyá mi gbé abọ́ ẹ̀gúsí lé mi lọ́wọ́ pé kí n jókòó kí n máa ṣà á.

"Wo dà bí ààrò yìí lọ́jọ́ tí kò láṣọ," ni wọ́n wí. "Ẹni tó bá fara kàn wo, á jó o. Inú wo ò sì gbóná tó láti sun nǹkan kan."

Bíríkìlà rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ̀yìn ti igi. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ṣa ẹ̀gúsí náà tán, mo dà á pọ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ kìíní ààwẹ̀ la dá iná ńlá. Mo gbé ọwọ́ òsì mi lé ògiri, lójú ibi tó ti jó mi. Ó tutù. Lẹ́yìn ìrun àìlà, ọwọ́ kìíní jáde, ó pọ́n, òórùn rẹ̀ ń fi ẹni tó ń gba ààwẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Kó tó di àlàásárì, ọwọ́ kejì jáde, ó pọ́n bí èkíní. Àwọn tó fẹ́ fi ṣínu ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo to ọwọ́ kẹta, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí ààrò po. Mo gbàdúrà. Mo bẹ bíríkìlà pé kó bọ́ bàtà kó gba tirẹ̀, ó sì gbà á, ó gùn bíi ti àkọ́kọ́.

Nígbà tí a ṣí i, ó funfun. Mo ki ọ̀bẹ bọ ọ̀kan, àárín rẹ̀ ń fà bí àtè.

"Ìyá, kò sun mẹ́ta."

Wọ́n ń fi aṣọ nu ọwọ́ wọn. "Ààrò wo ló ń sun mẹ́ta?"

"Tiyín."

Wọ́n wo bíríkìlà, wọ́n wò mí, wọ́n tún ọwọ́ tó ti mọ́ nù. "Méjì ni tèmi ń sun," ni wọ́n wí. "Bí ẹ bá ti lọ sílé-ìwé, mo máa ń tún iná dá."

"Ẹ sọ fún gbogbo Atikori pé mẹ́ta ni!"

"Wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n máa gbọ́ ọ. Èmi náà fẹ́ràn kí n máa sọ ọ́."

Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Nítorí ọwọ́ kẹta yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe dá wọn dúró sétí omi. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe fi ìyẹ̀fun pákó wé búrẹ́dì, tí mo bá wọn jà lórí ohun tí ọwọ́ wọn mọ̀. Kò sì sí i rí. Ìbínú ń bọ̀, mo mọ̀ ọ́n bó ṣe ń gun òkè láyà mi, àmọ́ mo wo eékún wọn, mo wo eérú tó lẹ̀ mọ́ wọn lójú, mo sì rí i pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé, wọn ò fọwọ́ kan ìgbálẹ̀ àfi nígbà tí ilẹ̀ bá dọ̀tí.

A fi omi àti dàbínù ṣínu, a kírun màgàríbì, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ búrẹ́dì ọwọ́ kejì. Báàgì ìyá mi ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí wọ́n ṣe gbé e sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dé, síìpù rẹ̀ wà ní pípa. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ti inú rẹ̀ mú aṣọ ẹyọ kan, tí wọ́n sì ń pa á dé. Fóònù dún. Ẹ̀gbọ́n mi ni.

"Ẹ kú ààwẹ̀ o. Ọwọ́ mélòó?"

Ìyá mi dáwọ́ jíjẹ dúró. Wọn ò wò mí. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò, búrẹ́dì wà lẹ́nu wọn.

"Mẹ́ta," ni mo wí.

"Lórí iná kan?"

"Iná kan, ọwọ́ mẹ́ta."

Ó ní Alhamdulillahi, ó ní ó ti yé òun, ká máa jẹ́ kí wọ́n fi eékún gbé nǹkan wúwo. Mo pa fóònù.

"Ọjọ́ kìíní ààwẹ̀ nìyí o," ni ìyá mi wí.

"Mo ti ṣínu."

Wọ́n gbé búrẹ́dì tó wà lẹ́nu wọn mì. Wọ́n fọwọ́ ti eékún, wọ́n dìde, wọ́n gbé báàgì wọn, wọ́n sì wọ yàrá lọ tú u.